Táìlì Ilé Wa àti Iná Tó Sun Ún: Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn Ará Alimọṣọ

Ìwé yìí wà fún onílé tó fẹ́ tẹ́ táìlì, fún ayálégbé tó ń tún yàrá rẹ̀ ṣe, fún àwọn tó ń lẹ táìlì àti àwọn tó ń tà á, láti Ẹgbẹ́dá títí dé Ìkòtún àti Ìgàndò. A ò ní kẹ́nikẹ́ni má tẹ́ táìlì mọ́. Ilẹ̀ oní-táìlì rọrùn láti nù, eruku kì í wọ inú rẹ̀ bíi ti kápẹ́ẹ̀tì, ọmọ sì lè rá lórí rẹ̀ láìséwu. Ohun tí a fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni ohun tí táìlì kan ti jẹ kó tó dé ẹnu ọ̀nà yín, àti ibi tọ́wọ́ yín lè tó láti dín in kù.

Níbo ni táìlì yín ti wá?

Nígbà kan, ọkọ̀ ojú omi ló ń kó ọ̀pọ̀ jù lọ táìlì wọ ìlú wa. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, fi táìlì sínú ọjà 41 tí wọn ò ní ta dọ́là fún ẹni tó bá fẹ́ kó wọn wọlé. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni wọ́n tó ká òfin náà kúrò nílẹ̀. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, àwọn iléeṣẹ́ abẹ́lé rí àyè gbòòrò sí i. West African Ceramics wà ní Ajaokuta, ní ìpínlẹ̀ Kogí, CDK wà ní Ṣàgámù, iléeṣẹ́ táìlì sì tún wà nínú ọgbà òwò Ogun-Guangdong ní Ìgbẹsà. Ìgbẹsà yìí kò jìnnà sí wa: ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà tó wà nínú rẹ̀ bá Alimọṣọ pààlà. Iṣẹ́ tó ń bọ́ èèyàn ni, inú wa sì dùn sí i. Àmọ́ èéfín tó bá jáde níbẹ̀ kò mọ ààlà ìpínlẹ̀.

Iná ló ń jẹ jù

Amọ̀, yanrìn àti àwọn òkúta mìíràn ni wọ́n ń lọ̀ pọ̀ mọ́ omi títí yóò fi ki bí ògì. Wọ́n á fẹ́ ẹ sínú afẹ́fẹ́ gbígbóná kó lè gbẹ di lẹ́búlẹ́bú, wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ pa pọ̀, wọ́n á tún gbẹ ẹ́, wọ́n á da oje dídán sí i lójú, lẹ́yìn náà ló máa wọ ààrò. Ààrò yìí gùn bí àdúgbò, irin róbótó róbótó ló ń yí táìlì lọ nínú rẹ̀, ooru ibẹ̀ sì lè tó 1,200°C. Wọn kì í pa á lálẹ́ kí wọ́n tún dá a láàárọ̀. Tọ̀sán tòru ló ń jó.

Ó ju ìdajì ooru tí iléeṣẹ́ náà ń lò lọ tí ààrò nìkan ń jẹ. Èyí tó pọ̀ nínú ìyókù ni wọ́n fi ń gbẹ amọ̀ tútù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ohun àkọ́kọ́ tí iléeṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ máa ń ṣe ni pé kó fi páìpù gba afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń jáde níbi tí táìlì ti ń tutù, kó darí rẹ̀ padà lọ síbi tí wọ́n ti ń gbẹ amọ̀. Èkejì ni pé kí wọ́n lo gáàsì àdánidá dípò èédú, nítorí èédú máa ń tú èéfín àti eérú jáde jù ú lọ. Ẹ̀kẹta ni táìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́: bó bá ṣe fẹ́lẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni amọ̀ àti iná tó jẹ á ṣe kéré tó. Onílé wa kan á ní èyí tó nípọn ló dára jù. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ara ògiri ilé ìdáná, tẹ́nìkan kì í tẹ̀, kò nílò táìlì tó nípọn bíi ti géréèjì.

Omi tí wọ́n fi fọ ẹ̀rọ ṣeé kó padà sínú amọ̀ tuntun, kó má baà ṣàn sódò. Ohun kan tún wà tójú kì í rí. Amọ̀ máa ń ní èròjà fluorine nínú, èyí tó máa ń yọ jáde bíi gáàsì tí iná bá ti mú un, ó sì lè ba ewéko àti eyín ẹran ọ̀sìn jẹ́. Sassuolo ní Ítálì, ọ̀kan lára ìlú tó lórúkọ jù lágbàáyé nídìí táìlì, jìyà èyí àti ti òjé ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ asẹ́ tó ń lo láìmù sí ojú ṣìmìnì wọn. Ẹ̀rọ náà kì í ṣe àwámárìídìí. Owó ni wọ́n fi ń rà á, òfin ló sì ń mú kí wọ́n rà á.

Èyí tó kàn yín jù nìyí. Táìlì tó fọ́ kó tó wọ ààrò ṣeé bù sómi padà, á tún di amọ̀. Èyí tó bá ti jóná tán kò lè padà di amọ̀ mọ́ láéláé. Nítorí náà, gbogbo táìlì tó fọ́ nínú ọkọ̀, tàbí tẹ́ ẹ rà lé láìlò, iná tí wọ́n dá lásán ni.

Ẹ wọn yàrá kẹ́ ẹ tó sanwó

Ọ̀pọ̀ ìfiṣòfò ló ń bẹ̀rẹ̀ látẹnu "ẹ fi páálí mẹ́ta kún un." Ẹ jẹ́ ká fi yàrá kan ṣe àpẹẹrẹ. Yàrá tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú àti 12 lóòró jẹ́ nǹkan bí 13.4 m². Páálí táìlì 60 × 60 tó ní ẹyọ mẹ́rin nínú máa kárí 1.44 m². Páálí mẹ́wàá máa fún yín ní 14.4 m², èyí tó ṣẹ́ kù sì tó fún gígé etí ògiri. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n tẹ́ ẹ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ẹ ó nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí gígé á pọ̀. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ ra páálí mẹ́tàlá fún irú yàrá yìí, ẹ ní kó ṣírò rẹ̀ lójú yín.

Ẹ wo nọ́ńbà àwọ̀ tó wà lára páálí, kí gbogbo wọn rí bákan náà. Tí nọ́ńbà bá yàtọ̀, àwọ̀ lè má bára mu, ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n sì ti tìtorí èyí hú táìlì tó ṣì dára. Ẹ bá onísọ̀ sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó pé páálí tẹ́ ò bá tú, ẹ máa dá a padà. Ẹyọ mẹ́ta mẹ́rin tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi pamọ́ de ọjọ́ àtúnṣe.

Àmì MANCAP tẹ́ ẹ máa rí lára táìlì abẹ́lé ń sọ pé ọjà náà bá ìlànà SON, àjọ tó ń rí sí ìlànà ọjà ní Nàìjíríà, mu. Kò sọ nǹkan kan nípa èéfín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ta yín bíi "táìlì tí kò ba àyíká jẹ́."

Eruku tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró

Ẹ ti rí i rí: ọmọkùnrin kan lóṣòó síwájú ilé, ó fi ẹsẹ̀ tẹ táìlì mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ ń ké, eruku funfun bò ó lórí títí dé ìpéǹpéjú, aṣọ tó fi dí imú sì ti já sí ọrùn. Eruku yẹn ní silica nínú. Láti ọdún 1997 ni IARC, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ti kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ó tún ń fa àìsàn tó ń mú kí ẹ̀dọ̀fóró le gbagidi, èyí tí kò ní ìwòsàn, ẹni tó bá sì ní i máa ń tètè kó ikọ́ ife.

Omi ni oògùn rẹ̀. Kí ẹnì kan máa da omi díẹ̀díẹ̀ sójú ibi tí wọ́n ń gé, tàbí kí wọ́n lo ẹ̀rọ tó ní omi tirẹ̀. Tó bá jẹ́ iná mànàmáná ló ń gbé ẹ̀rọ náà, kó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún omi, kí iná má baà gbé èèyàn. Fún ìlà gbọọrọ, ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tí kò lo iná ló dára jù: kì í tú eruku. Onílé lè fi èyí sínú àdéhùn iṣẹ́. Ẹni tó bá ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó lọ sí ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ ọn, tàbí ọsibítù ìjọba Alimọṣọ ní Ìgàndò, kó sì sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe fún wọn. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú ikọ́ ife nílé ìwòsàn ìjọba.

Àfọ́kù kì í ṣe ti gọ́tà

Ààtàn Solous tó wà ní Ìgàndò ti ru ẹrù tó pọ̀ ju tirẹ̀ lọ. Àfọ́kù táìlì kì í jẹrà níbẹ̀, ó máa ń ya àpò, ó sì máa ń gé àwọn tó ń kó ìdọ̀tí lọ́wọ́. Nínú gọ́tà, ó máa ń so mọ́ yanrìn, á sì dí ojú omi kí òjò tó dé.

Ẹ lè kó o sábẹ́ ilẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré lé e. Ẹ lè fi í tẹ́ ẹ̀yìnkùlé tàbí ibi ìfọṣọ, kẹ́ ẹ fi sìmẹ́ǹtì dí àárín rẹ̀, kí etí tó mú má sì yọ sókè. Àṣà wa ni. Ní Ilé-Ifẹ̀, àpáàdì ìkòkò ni wọ́n tò sílẹ̀ láti fi ṣe ojú ọ̀nà àti àgbàlá ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ìtàn sì fi iṣẹ́ náà sọrí Lúwòó, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ di òní.

Tí èéfín tàbí eruku bá ń dà yín láàmú

Òfin wà. Ọdún 2007 ni wọ́n dá NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, sílẹ̀, ní 2011 sì ni wọ́n gbé ìlànà jáde fún àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe sìmẹ́ǹtì, gíláàsì àti táìlì. Ní Èkó, LASEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ìpínlẹ̀, ló ń rí sí ọ̀rọ̀ èéfín àti eruku, lábẹ́ òfin àyíká ìpínlẹ̀ ti ọdún 2017. Tó bá jẹ́ ìhà Ògùn ló ti ń wá, OGEPA, àjọ àyíká ti ìpínlẹ̀ Ògùn, ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí. "Èéfín pọ̀" nìkan kò tó. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀, ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, àwọ̀ èéfín náà àti bó ṣe ń rùn, kẹ́ ẹ sì fi fọ́tò tì í. Kí ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé àdúgbò yín jọ fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ sì rí i pé ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n ti lù lóǹtẹ̀ padà kẹ́ ẹ tó kúrò ní ọ́fíìsì wọn.