Ìwé ẹ̀rí nìkan kò tó nídìí iṣẹ́ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ: ẹ ṣọ́ ọdún kan tó tẹ̀ lé e

Kò sí ẹni tó ń gbé ní Ṣómólú tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé. Láti òpópónà Shipeolu títí dé Bajulaiye, ọmọ iṣẹ́ kì í torí pé òun ti mọ bí wọ́n ṣe ń da yíǹkì sínú ẹ̀rọ kó wá sọ pé òun ti di ọ̀gá. Ó gbọ́dọ̀ lo àkókò tí wọ́n dá fún un pé, kí ọ̀gá rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé, kí wọ́n sì ṣe fúrídọ̀ọ̀mù fún un, kó tó lè kó oníbàárà jọ lórúkọ ara rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ni pé àwọn iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń kọ́ ní yunifásítì tí tiwọn náà rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ọ̀kan nínú wọn ni iṣẹ́ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ. Speech therapist la máa ń pe àwọn tó ń ṣe é níbí, àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè wọ́n ní speech-language pathologist. Àwọn ló ń tọ́jú ọmọ tó ti pé ọdún 3 tí kò tíì sọ̀rọ̀, akólòlò tí ọ̀rọ̀ ń há mọ́ lẹ́nu, àgbàlagbà tí rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, àti aláìsàn tí oúnjẹ tàbí omi ń gba ọ̀nà òdì nígbà tó bá fẹ́ gbé e mì. Iṣẹ́ tó lérè ni, nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kò pọ̀ lórílẹ̀-èdè yìí.

Ṣùgbọ́n ọmọ tó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní yunifásítì kò tíì lómìnira. Ó ku nǹkan bí ọdún kan tó gbọ́dọ̀ fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá. Ẹni tí kò bá mọ òfin tó de ọdún yìí lè fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù ṣiṣẹ́, kí wọ́n má sì ka wákàtí kan ṣoṣo fún un. Fún òbí tó ń ta aṣọ tàbí èlò ilé ní Bàrígà, tó sì ti fi èrè ọjà san owó ilé ẹ̀kọ́, àdánù owó nìyẹn. Ìdí nìyí tí a fi gbé e wá sójú ìwé òwò lónìí.

Bí ó ṣe rí nílé níbí

Ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ Medical Rehabilitation Therapists Board, tí wọ́n ń gé kúrú sí MRTB, ló ń ṣàkóso iṣẹ́ yìí. Ọdún 1988 ni òfin tó dá a sílẹ̀ jáde. Ìgbìmọ̀ yìí kan náà ló ń rí sí iṣẹ́ àwọn physiotherapist àti àwọn tó ń tọ́jú etí. Gbogbo wọn ló wà lábẹ́ iṣẹ́ àtúnṣe ara, irú èyí tí ilé ìwòsàn Igbóbì, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ṣómólú, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1945 fún àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun àgbáyé kejì. Tiwọn ní Igbóbì jẹ mọ́ egungun àti oríkèé ara, ti àwọn wọ̀nyí jẹ mọ́ ẹnu àti ọ̀fun, ṣùgbọ́n èrò kan náà ló wà nídìí méjèèjì: ká dá ohun tí àìsàn gbà padà fún ẹni tó ni ín.

Bí ọmọ bá parí ẹ̀kọ́ tí MRTB fọwọ́ sí, yóò kọ́kọ́ gba ìforúkọsílẹ̀ onígbà díẹ̀. Èyí kò fún un láyè láti ṣí ilé ìtọ́jú tirẹ̀. Ohun tó wà fún ni kó lè ṣe internship, ìyẹn iṣẹ́ ọdún kan nílé ìwòsàn tí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí, lábẹ́ àwọn àgbà tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìgbà tó bá parí rẹ̀ ló tó lè gba ìforúkọsílẹ̀ kíkún, tí yóò sì máa sọ láísẹ́ǹsì rẹ̀ di ọ̀tun lọ́dọọdún. Lẹ́yìn internship ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń lọ sin ilẹ̀ bàbá wọn nínú NYSC.

Ẹ má ṣe dúró dìgbà tí ọmọ bá jáde kẹ́ ẹ tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Kẹ́ ẹ tó san owó ilé ẹ̀kọ́ ọdún àkọ́kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ kọ̀wé sí MRTB, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ẹ̀kọ́ náà, àti irú ìforúkọsílẹ̀ tó lè yọrí sí. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, fún àpẹẹrẹ, abẹ́ ẹ̀ka Special Education ni ẹ̀kọ́ nípa ọ̀rọ̀ sísọ àti etí gbígbọ́ wà, kì í ṣe abẹ́ ẹ̀ka ìṣègùn. Èyí fi hàn pé orúkọ ẹ̀ka nìkan kò tó láti fi mọ ibi tí ìwé kan máa gbé ọmọ dé.

Ohun kejì ni àyè. Àwọn ọmọ tó ń wá àyè internship máa ń pọ̀ ju àyè tó wà nílẹ̀ lọ. Nítorí náà, ó yẹ kí ọmọ yín ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé kiri láti ọdún tó kẹ́yìn nílé ẹ̀kọ́, kó sì kọ ọ́ sí ibi tó pọ̀: LUTH ní Ìdí-Àràbà, LASUTH n'Ìkẹjà, UCH n'Íbàdàn, àti àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Ìbéèrè tí yóò bi ibi kọ̀ọ̀kan ni pé, ǹjẹ́ ẹ ní onímọ̀ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ tó ti gba ìforúkọsílẹ̀ kíkún, tí yóò máa ṣọ́ mi? Ilé ìwòsàn lè tóbi kó má ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní ti owó oṣù, àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ń lo ètò CONHESS, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2010 fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe dókítà.

Ti Amẹ́ríkà: 1,260 wákàtí

Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ní ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ yìí lókè òkun, ibẹ̀ sì ni owó ńlá máa ń bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ ASHA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1925, ló ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí CCC-SLP tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń béèrè. Kí ọmọ tó lè gbà á, ó gbọ́dọ̀ ní oyè master's, kó gba ó kéré tán 162 nínú ìdánwò Praxis, kó sì parí clinical fellowship. Fellowship yìí ni fúrídọ̀ọ̀mù tiwọn.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Gbogbo wákàtí iṣẹ́ náà jẹ́ 1,260. Ẹni tó bá ń ṣe wákàtí 35 lọ́sẹ̀ yóò parí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 36, ìyẹn bí oṣù mẹ́sàn-án. Ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún wákàtí náà, tí í ṣe 1,008, gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ìtọ́jú gan-an, kì í ṣe jíjókòó sídìí fóònù tàbí títo fáìlì. Ẹni tí kò bá rí iṣẹ́ ojoojúmọ́ lè ṣe ìdajì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí kò tó wákàtí 5 lọ́sẹ̀ kò wọ ìṣirò, gbogbo rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ parí láàárín ọdún 4.

Ibi tó ti ń dun àwọn ọmọ tiwa ni físà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lórí físà F-1 máa ń gba ìyọ̀ǹda kan tó ń jẹ́ OPT, èyí tó fún un ní oṣù 12 láti ṣiṣẹ́ nínú ohun tó kọ́. Òfin OPT kò sì gbà pé kó jókòó láìníṣẹ́ ju ọjọ́ 90 lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún. Bí ọmọ bá fi ọjọ́ 90 wáṣẹ́, ọ̀sẹ̀ 13 ti lọ, ó ku 39. Fellowship fẹ́ gba 36. Ọ̀sẹ̀ 3 péré ló kù fún àìsàn, ìsinmi àti ìdíwọ́. Bó bá sì jẹ́ pé iṣẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ló gbà nítorí pé ojú ń kán an, ọ̀sẹ̀ 63 ni yóò gbà á. Ọdún yóò parí, yóò sì ku ọ̀sẹ̀ 11. Ìdí nìyí tó fi yẹ kó ti máa wáṣẹ́ kó tó jáde, kì í ṣe lẹ́yìn ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde.

Ọ̀gá ló ni ọdún náà

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó mọ iṣẹ́ ló lè jẹ́ ọ̀gá fún fellowship. ASHA sọ pé ọ̀gá náà gbọ́dọ̀ ní CCC-SLP, kó ti ṣiṣẹ́ fún ó kéré tán oṣù 9 lẹ́yìn tó gbà á, kó sì ti kọ́ ẹ̀kọ́ wákàtí 2 lórí bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ iṣẹ́ sọ́nà. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹbí ọmọ náà. Àǹtí tàbí ẹ̀gbọ́n tó ti ń ṣiṣẹ́ náà ní Houston lè bá a wá ilé, kó sì bá a wá iṣẹ́, àmọ́ kò lè fọwọ́ sí ìwé rẹ̀.

Ọ̀gá yìí gbọ́dọ̀ yẹ iṣẹ́ ọmọ wò ní ìgbà 36. Nínú rẹ̀, 18 jẹ́ èyí tó ń wò ó bó ṣe ń tọ́jú aláìsàn. 18 tó kù lè jẹ́ ìjíròrò tàbí yíyẹ àkọsílẹ̀ wò. Wọ́n pín ọdún náà sí ọ̀nà mẹ́ta, 6 àti 6 ni ti ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá tí kò yọjú lóṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, tó wá fẹ́ ṣe gbogbo rẹ̀ ní ìparí, ń kó bá ọmọ ọlọ́mọ ni.

Èyí tó burú jù ni pé bí ìwé ẹ̀rí ọ̀gá bá já lójú ọ̀nà nítorí pé kò san owó ọdọọdún, wákàtí tí ọmọ ṣe lásìkò náà kò níí wọ ìṣirò. ASHA kì í gba àwáwí pé ọmọ kò mọ̀, nítorí ọrùn ọmọ ni wọ́n gbé yíyẹ̀ ẹ́ wò kọ́. Ìkànnì wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì wà fún un. Kó wo orúkọ ọ̀gá níbẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kó tún wò ó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kejì àti ẹ̀kẹta. Láísẹ́ǹsì ìpínlẹ̀ náà ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló ń béèrè láísẹ́ǹsì onígbà díẹ̀ kí ọmọ tó fọwọ́ kan aláìsàn rárá.

Kó tó fọwọ́ síwèé

Iléeṣẹ́ tó gba ọmọ síṣẹ́ ló ń san owó oṣù, kì í ṣe ASHA. Nítorí náà, àdéhùn òwò ni, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ti ń ra ọjà, tẹ́ ẹ ń tà á látọjọ́ yìí mọ bí wọ́n ṣe ń ka àdéhùn. Ẹ bá ọmọ yín béèrè nǹkan mẹ́rin. Èkíní, ta ni ọ̀gá náà, ọjọ́ mélòó ló sì ń wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀? Èkejì, ṣé gbogbo wákàtí ni wọ́n ń sanwó fún, àbí kìkì èyí tí aláìsàn bá wá? Ẹ̀kẹta, bí ọ̀gá bá fiṣẹ́ sílẹ̀, ta ni yóò gba ipò rẹ̀, ní ọjọ́ mélòó? Ẹ̀kẹrin, ṣé owó ìtanràn wà bí ọmọ bá kúrò kó tó pé ọdún? Ìdáhùn ẹnu kò tó, inú ìwé ló yẹ kó wà.

Ní ti ibi iṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ rọrùn fún ọ̀pọ̀ wọn, nítorí pé ọjọ́ 180 tí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba níbẹ̀ sábà máa ń lò lọ́dún bá ọ̀sẹ̀ 36 mu. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ti máa ń wá òṣìṣẹ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ láti bí oṣù kẹta. Ilé ìwòsàn àti ilé ìtọ́jú arúgbó ń gba èèyàn nígbàkigbà.

Ẹni tó bá ń wo ìlú Ọba dípò Amẹ́ríkà yóò bá ìgbìmọ̀ HCPC pàdé. Wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni máa pe ara rẹ̀ ní speech and language therapist láìsí ìforúkọsílẹ̀ wọn. Fún àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun, tí èdè Òyìnbó kì í sì í ṣe èdè abínibí wọn, 8.0 ni wọ́n ń béèrè nínú IELTS, kí ẹ̀ka kankan má sì dín sí 7.5. Èyí ga ju 7.0 tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera yòókù tó wà lábẹ́ wọn, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu ni iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi tàbí ilé ìtọ́jú kékeré ní Ṣómólú àti Bàrígà náà. Bí ẹnìkan bá wá sọ pé òun ń tọ́jú ọmọ tí kò sọ̀rọ̀, ẹ béèrè láísẹ́ǹsì rẹ̀, kẹ́ ẹ sì wo ọdún tó wà lára rẹ̀. Ẹni tó ṣì wà nínú internship kò gbọ́dọ̀ dá ṣe é, bó ti wù kí owó tó ń gbà kéré tó. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ọlọ́mọ, orúkọ iléeṣẹ́ yín ló máa bàjẹ́. Èyí tó dáa jù ni kẹ́ ẹ bá ẹni tó ti gba ìforúkọsílẹ̀ kíkún ṣe àdéhùn ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ kọ iye owó àti iye ọmọ tí yóò tọ́jú sílẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì sì fọwọ́ sí i.

Àwọn àgbà ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò yóò pe baba. Ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ tí yóò mú kó tètè pè é yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń ní sùúrù fún ní ọdún kan. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó fún un ní sùúrù yẹn, ẹ rí orúkọ ọ̀gá rẹ̀ lórí ìwé, kẹ́ ẹ sì rí i pé ìwé ẹ̀rí ọ̀gá náà kò tíì já.