Nọ́mbà Tó Wà ní Ìdí Kátíríìjì

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ìṣirò kékeré kan rèé. Nínú méjìlá àti ogún, èwo ló tóbi jù? Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi ọdẹ tó mọ ìbọn rẹ̀ dunjú, yóò wí fún yín pé méjìlá ni. Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín, òótọ́ ló sọ.

Nígbà tí mo ń ṣe tíṣà ní Ìlùá, ní Òkè-Ògùn, bàbá ọdẹ kan a máa yà kí mi bí ó bá ń ti oko bọ̀. Ìbọn ṣakabùlà ni bàbá yìí fi dàgbà, ẹ̀yìn ìgbà náà ni ó gba ìwé àṣẹ, tí ó ra ìbọn ẹlẹ́nu-méjì tí ń jẹ kátíríìjì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó kó kátíríìjì méjì lé orí tábìlì mi.

Ó ní, “Tíṣà, ẹ bá mi wo nǹkan wọ̀nyí. Èyí wọ inú ìbọn, ó jókòó. Èyí tí ọmọ àbúrò mi fún mi yìí, bí mo ti fi í sí i ni ó yọ̀ lọ síwájú, n kò rí i mọ́. Ọ̀pá ni mo fi rọra tì í padà.”

Mo yí ìdí wọn síta. Wọ́n tẹ 12 sí ọ̀kan, wọ́n tẹ 20 sí èkejì. Ara mi bù máṣọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ẹ mú òjé tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn kan, èyí tí í ṣe nǹkan bíi gíráàmù 454. Ẹ pín in sí ọ̀nà méjìlá ọgbọọgba, kí ẹ yọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ṣe é ní rogodo. Ìbọn tí ihò rẹ̀ bá gba ọ̀kan nínú rogodo wọ̀nyí rẹ́gí ni ìbọn nọ́mbà 12. Bí ẹ bá pín irú òjé kan náà sí ogún, rogodo kọ̀ọ̀kan yóò kéré sí i: dípò bíi gíráàmù 38, bíi 23 ni yóò wọ̀n. Bí èèyàn méjìlá bá pín iṣu kan, tí ogún èèyàn sì pín irú rẹ̀, ta ni yóò yó jù? Ihò ìbọn 12 fẹ̀ tó mìlímítà 18.5, ti 20 kò ju 15.6 lọ.

Nítorí náà, kátíríìjì 20 kéré sí ìbọn 12, ṣùgbọ́n kò kéré tó láti la ihò náà kọjá. Yóò yọ̀ kọjá ibi tó yẹ kí ó jókòó sí, etí ìdí rẹ̀ yóò sì há síbi tí ihò náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún. Ọdẹ á fa ìbọn, kò ní í dún. Á ṣí i wò, á rò pé òun gbàgbé láti ki í ni, á sì ki kátíríìjì 12 sí ẹ̀yìn èkíní. Bí ó bá fà á lẹ́ẹ̀kejì, ìbọn náà lè fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọwọ́ òsì tó fi gbé e ró ni yóò kọ́kọ́ fara gbá a. Nítorí ewu yìí ni àwọn tí ń ṣe kátíríìjì fi ń kun 20 ní àwọ̀ ìyeyè, kí ojú lè tètè dá a mọ̀.

Gígùn náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Àwọn ìbọn 12 kan wà fún kátíríìjì íǹṣì 2½, àwọn mìíràn fún 2¾, àwọn mìíràn fún 3. Gígùn tí wọ́n kọ sí ara kátíríìjì sì ni gígùn rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹnu rẹ̀ bá ti ṣí. Èyí tó gùn jù lè wọlé wẹ́rẹ́ nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì wà ní kíká, àmọ́ nígbà tó bá dún, kò ní í rí àyè ṣí ẹnu dáadáa, ipá inú ìbọn á sì pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ.

Ohun tó fún jù ló kù. Kátíríìjì tí a fi pépà ṣe máa ń wú bí òjò bá pa á tàbí bí ó bá pẹ́ nínú àpò tó tutù. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá irú rẹ̀ wọlé bí ẹni ń gbá èèkàn. A kì í gbá kátíríìjì. Èyí tí kò bá wọlé fúnra rẹ̀, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ti fàyè gba ọ̀pọ̀ aráàlú láti ní ìbọn ìléwọ́, àwọn kan wà tí ń fi idẹ kátíríìjì tó ti dún rí ṣe òmíràn fún ìdíje. Ìbọn ìdíje sábà máa ń ní àyè tó fún, kí ọta lè lọ tààrà. Idẹ sì máa ń wú nígbà tó bá dún. Bí wọn kò bá tẹ̀ ẹ́ padà dáadáa, tàbí bí ẹnu rẹ̀ bá ṣí jù, tàbí bí orí ọta bá yọ síwájú jù, yóò há. Nítorí náà wọn a tú ọ̀pá ìbọn kúrò, wọn a sì ju kátíríìjì sínú rẹ̀. Ó ní láti já bọ́ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó yí bí a bá yí i, kí ó sì bọ́ jáde bí a bá dojú ọ̀pá náà délẹ̀. Bí ó bá há, wọn a kun ún ní yíǹkì dúdú, wọn a tún tì í sí i, wọn a yọ ọ́, wọn a wo ibi tí yíǹkì ti bó. Káfíńtà tó ń fi ẹfun wá ibi tí ilẹ̀kùn ti ń ha férémù mọ ọgbọ́n yìí bí ẹní mowó. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò sí ìméfò níbẹ̀.

Ẹ má gbìyànjú rẹ̀ o. Òfin ìbọn ọdún 1959 ní Nàìjíríà ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ èyí tí aráàlú kò gbọdọ̀ ní láìgba àṣẹ Ààrẹ orílẹ̀-èdè. Kò sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti sọ ilé rẹ̀ di ibi tí a ti ń ṣe ọta.

Bàbá wa kò mọ̀wé. Lọ́jọ́ kejì ó gbé àpò ọdẹ rẹ̀ wá, ó ní kí ọmọ mi kọ 12 gàdàgbà sí i lára, kí òun lè máa fi ìdí kátíríìjì kọ̀ọ̀kan wé e. Ọmọ náà fi ẹfun kọ ọ́. Bàbá wò ó títí, ó ní òjò á fọ̀ ọ́, ó sì lọ bá aránṣọ pé kí ó fi òwú pupa rán an tẹ̀lé ojú ẹfun náà.