Ìbọn Nínú Ọkọ̀, Ààlà Lójú Ọ̀nà: Òfin Amẹ́ríkà àti Arìnrìn-àjò Tí Ó Gbé Ìbọn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni." Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣe òpó ọ̀rọ̀ mi, nítorí pé ó ṣẹ pátápátá nínú òfin ìbọn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní ọmọ tàbí àbúrò ní Houston, ní Maryland tàbí ní New Jersey. Àwọn kan nínú wọn ti ra ìbọn, wọ́n sì rà á lọ́nà tí òfin fọwọ́ sí. Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn nìyí: bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wakọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn, tí ìbọn rẹ̀ sì wà nínú ọkọ̀, kí ni òfin sọ? Ìdáhùn mi ní kúkúrú ni pé òfin ìjọba àpapọ̀ ti tẹ́ afárá fún un, ṣùgbọ́n afárá tóóró ni. Ẹni tí ó bá yẹsẹ̀ lórí rẹ̀, inú omi ni yóò bá ara rẹ̀.

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti òfin tirẹ̀

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ ìbọn àti ọta wà lára ohun tí ìwé òfin-ìpìlẹ̀ ti 1999 fi sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Òfin kan náà ni ó ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògùn. Ẹni tí ó bá ti ilé gbé èrò yìí lọ sí Amẹ́ríkà yóò ṣìnà. Lóòótọ́, Àtúnṣe Kejì sí òfin-ìpìlẹ̀ wọn, tí ó ti wà láti 1791, dáàbò bo ẹ̀tọ́ ará ìlú láti ní ìbọn. Síbẹ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń pinnu ẹni tí ó lè gbé e jáde àti bí yóò ti gbé e.

Ní Vermont, àgbàlagbà tí òfin kò ká lọ́wọ́ kò kò nílò ìwé àṣẹ kí ó tó gbé ìbọn ìléwọ́ káàkiri. Ní New Jersey, ẹni tí ó bá gbé irú ìbọn kan náà láìgba ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ náà ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè gbé e dé ẹ̀wọ̀n ọlọ́dún púpọ̀. Ìrìn wákàtí díẹ̀ ni ó wà láàárín ìpínlẹ̀ méjèèjì. Kò sí bodè, kò sí aṣọ́bodè. Pátákó tí ó ń kí àlejò káàbọ̀ ni awakọ̀ yóò rí.

Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ tí a gbà ní Texas ṣeé lò ní gbogbo ìpínlẹ̀. Èyí ni ó ń mú kí àwọn ènìyàn rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé àṣẹ ìbọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ń gba ìwé àṣẹ ara wọn, àwọn mìíràn kì í gba ti ẹnikẹ́ni. Ní December 2017, Ilé Aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà dìbò fún àbá òfin tí ì bá mú kí gbogbo ìpínlẹ̀ máa gba ìwé àṣẹ ara wọn, ṣùgbọ́n Ilé Aṣòfin Àgbà kò fọwọ́ sí i. Ìdájọ́ ńlá tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ní 2022, èyí tí ó fagi lé apá kan nínú òfin New York, kò sọ pé kí ìpínlẹ̀ kan máa gba ìwé òmíràn.

Afárá ti 1986

Ní 1968, lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa Martin Luther King àti Robert Kennedy, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin líle lórí òwò ìbọn. Àwọn ọdẹ àti àwọn tí ń díje níbi ìtafà-ìbọn ń ráhùn pé ìnira pọ̀ fún wọn. Ní May 1986, Ààrẹ Ronald Reagan fọwọ́ sí òfin tuntun, apá kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti arìnrìn-àjò. Ohun tí ó sọ nìyí: ohun yòówù kí òfin ìpínlẹ̀ wí, ènìyàn lè gbé ìbọn kọjá, bí ó bá pa àwọn májẹ̀mú kan mọ́.

Èkíní, kí ó má jẹ́ ẹni tí òfin ìjọba àpapọ̀ kà léèwọ̀ láti ní ìbọn, bí ẹni tí a ti dá lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Èkejì, kí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ìbọn náà kí ó sì gbé e ní ibi tí ó ti ń bọ̀ àti ní ibi tí ó ń lọ. Ẹ kíyè sí i pé ìkángun méjèèjì ni òfin sọ. Ẹ̀kẹta, kí ọta má sí nínú ìbọn. Ẹ̀kẹrin, kí ọwọ́ ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ má lè tètè tó ìbọn tàbí ọta rẹ̀. Inú búùtù ni kí wọ́n wà. Bí ọkọ̀ náà kò bá ní búùtù tí ó dá dúró, inú àpótí tí a fi kọ́kọ́rọ́ tì ni kí wọ́n wà. Àpótí kékeré tí ó wà níwájú ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ kò tó fún èyí, àyè tí ó wà láàárín ìjókòó iwájú méjèèjì kò sì tó, bí a tilẹ̀ tì wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọdẹ kan tí ó ń wakọ̀ láti Virginia lọ sí New Hampshire. Ó lè gba Maryland, Delaware, New Jersey, New York, Connecticut, Rhode Island àti Massachusetts kọjá. Ìpínlẹ̀ méje nìyẹn. Bí ìbọn rẹ̀ bá wà nínú búùtù láìsí ọta nínú rẹ̀, tí ó sì tọ́ sí i ní ibi méjèèjì, òfin 1986 ni yóò máa bá a lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ Massachusetts gan-an ni ó ń lọ, tí kò sì ní ìwé àṣẹ ibẹ̀, afárá kò ní ìkángun kejì. Kò sí ààbò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ibi tí afárá ti já

Ní 2005, ọkùnrin kan láti Utah wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Pennsylvania. Ó ti sọ fún àwọn ọlọ́kọ̀ òfuurufú pé ìbọn wà nínú ẹrù òun, ó sì tì í pa. Ọkọ̀ pẹ́, ó sì pàdánù èyí tí ì bá gbé e láti Newark ní New Jersey. Wọ́n dá ẹrù rẹ̀ padà fún un, ó sì sun ilé ìtura. Nígbà tí ó padà dé pápá ọkọ̀ òfuurufú ní òwúrọ̀, tí ó tún sọ pé ìbọn wà nínú ẹrù, ọlọ́pàá mú un, ó sì wà ní àtìmọ́lé fún ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n wọ́gi lé ẹ̀sùn náà nígbẹ̀yìn. Nígbà tí òun náà pè wọ́n lẹ́jọ́, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn sọ ní 2010 pé òfin 1986 kò bò ó, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ lè tó ìbọn náà ní gbogbo òru. Àwọn adájọ́ gbà pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ pé ó há síbẹ̀. Wọ́n ní ì bá ti kọ́kọ́ lọ bá àwọn agbófinró kí ó tó gba ẹrù rẹ̀.

Ní 2013, obìnrin kan láti Philadelphia wakọ̀ wọ New Jersey. Ó ní ìwé àṣẹ Pennsylvania, ó rò pé ó tó. Nígbà tí ọlọ́pàá dá a dúró, òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ pé ìbọn wà lọ́wọ́ òun. Ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún mẹ́ta ni ó wà níwájú rẹ̀, kí Gómìnà Chris Christie tó dárí jì í ní 2015.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú méjèèjì. Àwọn wọ̀nyí kò purọ́, wọn kò fi nǹkan pamọ́. Òótọ́ inú kò dípò májẹ̀mú òfin. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ilé ẹjọ́ ni òfin 1986 ti sábà ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ẹ̀bá títì. Ní 2010 kan náà, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn mìíràn, ní New York, sọ pé òfin náà kò fún arìnrìn-àjò láǹfààní láti gba owó gbà-má-bínú lọ́wọ́ ọlọ́pàá tí ó mú un.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa

Ibi tí ó kàn wá gan-an ni mo dé yìí. Ẹni tí ó wà ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà ọmọ ilé-ìwé tàbí ti àbẹ̀wò, òfin ìjọba àpapọ̀ kà á léèwọ̀ fún un láti ní ìbọn tàbí ọta, àfi ní àwọn ìgbà díẹ̀, bí ìgbà tí ó bá ní ìwé àṣẹ ọdẹ. Ẹni tí ó ní gíríìnì káàdì lè ra ìbọn. Ṣùgbọ́n bí ilé ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi pé ó ní ìbọn tàbí pé ó gbé e lọ́nà tí kò bófin mu, òfin ìwọ̀lú fún ìjọba láyè láti lé e kúrò ní orílẹ̀-èdè náà. Ọmọ Amẹ́ríkà tí ó bá ṣe àṣìṣe lójú ọ̀nà lè ṣẹ̀wọ̀n kí ó sì padà sí ilé rẹ̀. Ọmọ tiwa lè pàdánù ilé náà, iṣẹ́ rẹ̀, àti àyè láti gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ó bí síbẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n ka òfin ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń lọ àti ti gbogbo èyí tí wọn yóò là kọjá. Kí wọ́n yọ ọta, kí wọ́n ti àpótí, kí wọ́n sì fi í sí búùtù kí wọ́n tó kúrò nílé. Kí wọ́n má yà sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta lójú ọ̀nà, nítorí pé ìrìn-àjò ni òfin dáàbò bò. Èyí tí ó sàn jù fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ni kí ìbọn dúró sílé.