Ariwo Inú Rédíò Lórí Omi

Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó ti pẹ́ ní ìlú Bìní tí kò ní rántí bí àwọn bàbá wa ti máa ń gbé rédíò sétí ní alẹ́, tí wọ́n á máa yí i sọ́tùn-ún sósì, kí wọ́n lè gbọ́ ohùn Ìbàdàn. Ọdún 1959 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, abẹ́ ìjọba kan náà sì ni Bìní wà títí di oṣù kẹjọ ọdún 1963 tí a yọ ẹkùn Àárín Ìwọ̀ Oòrùn kúrò lára rẹ̀. Ìjọba pín, etí kò pín. Lójú ọ̀sán, agbára oòrùn lókè òfuurufú a máa gbé ìgbì mídíọ̀mù wéfù mì. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ìgbì náà a tún máa rìn jìnnà, ṣùgbọ́n ariwo a máa bá a rìn. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ orúkọ ìlú rẹ̀ rí nínú ìkéde òkú, tí ariwo sì gbé orúkọ olóògbé lọ mọ́ ọn létí, ni yóò mọ ohun tí à ń wí.

Lónìí, FM ti gba àwọn tí ó wà nílé lọ́wọ́ púpọ̀ nínú ìyọnu yẹn. Àwọn ará wa tí iṣẹ́ wọn wà lórí omi ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù: àwọn Ìlàjẹ apẹja, àti àwọn oníṣòwò tí ń ti Sapele tàbí Koko gba Odò Bìní lọ sí etí òkun. Bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tẹlifóònù bá pin, rédíò ọkọ̀ ojú omi nìkan ni ó kù. Ojú ìkànnì 16, èyí tí í ṣe 156.8 MHz, ni gbogbo ayé ti ń ké pe ìrànlọ́wọ́ lórí omi. Bí ariwo bá bo igbe náà, a kì í mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ké rárá.

Ẹni tí ó bá ń fi ìgbòkun rin ọkọ̀ rẹ̀ ti ní ìdánwò lọ́wọ́ láìnáwó. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń gbé ọkọ̀ lọ, tí ẹ́ńjìnnì sì dákẹ́, kí ó tẹ́tí sí rédíò. Kí ó wá tan ẹ́ńjìnnì. Bí ariwo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta, tí ó ń yára bí ẹ́ńjìnnì ti ń yára, iná tí ń ṣẹ́ lẹ́nu pílọ́ọ̀gì ni. Ẹ́ńjìnnì oní-pẹtiróòlù ni ó ní àrùn yìí. Ti dísù kò ní pílọ́ọ̀gì tí ń ṣẹ́ iná. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń hu bí oyin, tí ohùn rẹ̀ ń gòkè tí ó ń sọ̀kalẹ̀, alternator tí ń fi iná sínú bátìrì ni kí a fura sí. Èyí tí kò yí padà rárá, bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ dákẹ́, sábà máa ń ti ara inverter wá, tàbí gílóòbù LED, tàbí ṣájà fóònù olówó pọ́ọ́kú. Kí a máa pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí a ó fi mú olè náà.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Pílọ́ọ̀gì kan wà tí a fi ohun tí ń dín ariwo kù sí nínú; lára pílọ́ọ̀gì NGK, lẹ́tà R nínú nọ́ńbà rẹ̀ ni àmì rẹ̀. Kí a wo ìwé ẹ́ńjìnnì kí a tó pààrọ̀ rẹ̀. Wáyà tí ń gbé iná wá sí rédíò, kí ó ti orí bátìrì wá tààrà, kí a lọ́ méjèèjì pọ̀ bí okùn, kí ó má sì bá wáyà ẹ́ńjìnnì rìn. Òrùka ferrite, irú èyí tí ó máa ń wú lára wáyà kọ̀ǹpútà, ni kí a fi há wáyà inverter tàbí ṣájà, kí ó sún mọ́ ẹ̀rọ tí ń pariwo, kì í ṣe rédíò. Ẹ́ríà ní tirẹ̀, orí òpó ọkọ̀ ni àyè rẹ̀. Kí a sì máa yẹ gbogbo oríkèé wáyà wò, nítorí omi iyọ̀ a máa jẹ wọ́n. Ohun kan tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni yọ wáyà bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ kí ó lè mọ̀ bóyá alternator ni. Àfàìmọ̀ kí ó má ba alternator náà jẹ́.

Ṣùgbọ́n àṣà kan wà tí ó burú ju ariwo lọ. Bọ́tìnnì kan wà lára rédíò ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní squelch, tí ó máa ń pa rédíò lẹ́nu mọ́ títí ohùn gidi yóò fi wọlé. Bí ariwo ẹ́ńjìnnì bá sú àwọn kan, wọn a yí i dé òkè. Ara a tù wọ́n. Wọn kò mọ̀ pé ohùn tí kò lágbára, ti ẹni tí ó jìnnà tàbí ti ẹni tí bátìrì rẹ̀ ń kú lọ, kò ní lè ṣí ilẹ̀kùn náà mọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni ó nílò ìrànlọ́wọ́.

Gbogbo ariwo kọ́ ni ó ṣeé lé lọ. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Bell ní kí ọ̀gbẹ́ni Karl Jansky wá ìdí ariwo tí ń dí tẹlifóònù orí rédíò lọ́wọ́. Ó rí ti àrá nítòsí, ó rí ti àrá lókèèrè, ó wá ku ẹ̀yọ kan tí ń ṣe ṣìì lójoojúmọ́, àárín àwọn ìràwọ̀ ni ó sì ti ń wá. A kò lè bẹ ìràwọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ti àrá, bí òjò bá ń ṣú bọ̀, yíyọ ẹ́ríà kúrò lára rédíò ni ọgbọ́n, nítorí òpó ọkọ̀ ni ohun tí ó ga jù lórí omi.

Kí ọkọ̀ tó kúrò ní èbúté, kí a tan ẹ́ńjìnnì, kí a tan gbogbo iná, kí a wá fi ìkànnì mìíràn tí kì í ṣe 16 pe ọkọ̀ tí ó jìnnà díẹ̀. Bí a kò bá gbọ́ èsì rẹ̀ dáadáa, kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a tún pè é.