Ọ̀já Ni Tàbí Kẹ̀kẹ́ Ọmọ?

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá, nígbà tí ọmọ tuntun bá dé ilé, ìnáwó a máa pọ̀. Nígbà mìíràn, ẹbí tí ó wà ní Èkó tàbí ní ìlú òyìnbó a fi kẹ̀kẹ́ ọmọ ránṣẹ́. Nígbà mìíràn, bàbá ọmọ a rí tòkunbọ̀ kan ní ọjà, a sì fẹ́ rà á. Ìyá àgbà a wá ní, "Kí la fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ọ̀já ńkọ́?" Kí owó tó jáde lápò, ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀nà tí a ń rìn, kí á sì wo ọrùn ọmọ.

Kẹ̀kẹ́ ọmọ kì í ṣe ohun àná. Ní ọdún 1733, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ William Kent ṣe ọ̀kan fún àwọn ọmọ ìjòyè ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Duke of Devonshire. Ẹranko kékeré ni wọ́n ní kí ó máa fà á. Nígbà tó yá ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ tì í. Ní ọdún 1965, Owen Maclaren, tí ó ti bá wọn ṣe ẹsẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú rí, ṣe èyí tí ó fúyẹ́, tí a lè ká pọ̀ bí agbòòrùn.

Ọ̀nà tí ó tẹ́jú ni kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí ń fẹ́. Ẹ wá wo ọ̀nà tiwa ní Igbódìgò àti káàkiri ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Lórí ọ̀dà, kẹ̀kẹ́ yóò yí, ṣùgbọ́n mọ́tò àti ọ̀kadà ń sáré níbẹ̀. Bí ẹ bá yà sí ọ̀nà oko, ẹrẹ̀ ni lásìkò òjò, gbòǹgbò igi sì pọ̀. Táyà kékeré a rì. Ìyá tí ó ní òun ń ti ọmọ lọ á wá gbé ọmọ, á tún gbé kẹ̀kẹ́!

Ọ̀já kò mọ ẹrẹ̀. Nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà kan, Ann Moore, ṣiṣẹ́ ní Tógò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ó rí i bí àwọn ìyá ibẹ̀ ti ń pọn ọmọ, tí ọmọ sì ń dákẹ́ jẹ́ẹ́. Nígbà tí ó padà sílé tí òun náà bímọ, ìyá rẹ̀ bá a rán àpò tí a fi ń gbé ọmọ. Ní 1969, ìjọba wọn fún un ní ìwé àṣẹ lórí rẹ̀, ó sì di ọjà ńlá. Àwọn dókítà eegun pẹ̀lú sọ pé bí ẹsẹ̀ ọmọ bá yà, tí orúnkún rẹ̀ sì ká sókè, eegun ìbàdí rẹ̀ a jókòó dáadáa.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ọ̀já, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fà á kí ẹ tó sanwó. Òwú tí ó nípọn ló dára. Aṣọ dídán a máa yọ̀, kókó rẹ̀ a sì tú lójú ọ̀nà. Ẹ fi ìró gbé ìdí ọmọ, kí ẹ tó fi ọ̀já dì í. Ẹ yí ojú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí imú àti ẹnu rẹ̀ rí afẹ́fẹ́. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 3 tàbí 4, ọrùn rẹ̀ kò tíì le. Kí aṣọ gbé orí rẹ̀ ró, kí ẹlòmíràn sì máa bá yín wò ó, nítorí ìyá kò ní ojú lẹ́yìn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pọn ọmọ yan gàrí, ẹ má sì pọ̀n ọ́n dúró nídìí iná pupuru. Èéfín yẹn ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Èyí ni mo rí jù, òun ló sì ń dùn mí jù.

Àwọn kan wà tí kẹ̀kẹ́ yẹ fún: ìyá ìbejì, ìyá tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún tí kò tíì lè di ikùn, àti ẹni tí ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n rẹ́ sìmẹ́ńtì sí. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ tẹ bíréèkì rẹ̀ kí ẹ sì tì í wò. Ẹ fa bẹ́líìtì rẹ̀. Ibi tí ó ti ń ká gbọ́dọ̀ há gbọn-in. Ọmọ tí kò tíì tó nǹkan bí oṣù 6 gbọ́dọ̀ lè nà gbalaja nínú rẹ̀; bí ó bá jókòó, àgbọ̀n rẹ̀ a wó sí àyà, èémí a sì há. Ẹ má fi ẹrù kọ́ ibi tí a ń dì mú, kẹ̀kẹ́ á dojú dé sẹ́yìn. Ẹ má fi ìró bò ó nínú oòrùn, ooru á mú ọmọ nínú rẹ̀. Abẹ́ igi ni kí ẹ gbé e sí.

Ó wá ku ọ̀kadà. Ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14 ni a ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìgbà yẹn gan-an ni ọrùn rẹ̀ kò tíì gbó. Kò sí ọ̀já tí ó lè gba orí ọmọ là bí ọ̀kadà bá ṣubú. Bí ẹ bá ń lọ sí Òkìtìpupa, mọ́tò ni kí ẹ wọ̀. Bí ọ̀kadà nìkan ló bá wà, ẹ nìkan ni kí ó gbé, kí ó rọra, kí ẹ má sì gbà kí ó gbé ọmọ ka iwájú lórí táǹkì.