Ẹ̀rù Rélùwéè Abẹ́ Ilẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin àbúrò wa tó ń lọ ra ọjà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín o. Àwọn kan wà nínú wa tí kì í bẹ̀rù ọkọ̀ òfuurufú rárá, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà rélùwéè abẹ́ ilẹ̀, àyà wọn á máa lù kì-kì-kì. Wọ́n á ní ẹsẹ̀ ló ń dun àwọn, wọ́n á pe takisí. Takisí lónìí, takisí lọ́la, èrè orí léèsì ti wọ àpò dẹ́rẹ́bà tán kí wọ́n tó padà sílé.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé bí ẹ̀rù yìí ṣe ń ṣe. Ara á gbóná, èémí á kúrú, òógùn á bo èèyàn, á dà bíi pé ikú ti dé. Ikú kọ́, ẹ̀rù ni. Bí ẹ bá dúró tì í, á le dé ibi tó máa le dé, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sá jáde nígbà tó le jù, ara á gbà pé sísá yẹn ló gba òun là. Ti ọjọ́ kejì á wá le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ wa padà nìyẹn.

Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ fi wọ̀ ọ́. Ẹ má fi Victoria bẹ̀rẹ̀, torí abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. District ló dára fún ẹni tó ń kọ́ ọ. Kò jìn sísàlẹ̀ púpọ̀, inú ọkọ̀ rẹ̀ sì ṣí láti iwájú dé ẹ̀yìn. Tí ẹ bá ra aṣọ tán ní Wentworth Street, Aldgate East wà nítòsí. Ẹ wọ̀ ọ́ níbẹ̀, kí ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Tower Hill, ibùdó kan péré. Lọ́jọ́ kejì, ẹ lọ ibùdó méjì. Ẹ mú ẹnì kan dání, kí ẹ máa mí sínú, kí ẹ sì rọra máa mí síta. Láàárín ọ̀sẹ̀, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni èrò ń dín kù, owó ọkọ̀ pàápàá sì sábà máa ń dín.

Ọdún 1863 ni wọ́n ti ń wọ rélùwéè yìí, àní nígbà tó jẹ́ pé èéfín èédú ló kún inú ihò! Lónìí, ó ju ìdajì ọ̀nà rẹ̀ lọ tó jẹ́ pé orí ilẹ̀ gbangba ló wà, bí wọ́n tilẹ̀ ń pè é ní abẹ́ ilẹ̀.

Ti àtẹ̀gùn tó ń dá rìn ńkọ́? Ẹ káṣọ yín sókè, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí ẹ dúró sí apá ọ̀tún. Tí ẹrù bá wúwo, ẹ béèrè lífíìtì lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀, kò sí ní gbogbo ibùdó.

Bí ọkọ̀ bá dúró nínú ihò, ẹ má pariwo. Ọ̀pọ̀ ìgbà, iná pupa ló dá a dúró torí ọkọ̀ mìíràn wà níwájú. Tó bá pẹ́, dẹ́rẹ́bà á sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ. Bí ara yín kò bá sì yá, ẹ má fa ohun ìkìlọ̀ nínú ihò. Ẹ jẹ́ kó dé ibùdó tó kàn, ibẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ ti yá.