Gáàsì ààtàn: ohun tó ń lọ nísàlẹ̀ pàǹtí Olúsosùn

Látìgbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti kéde pé òun máa ti ààtàn Olúsosùn ní Ọjọ́ta pa, ọ̀rọ̀ sísọ pàǹtí di iná mànàmáná ti gbòde. Ohun tó ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé wọ́n á kó pàǹtí sínú iléru, wọ́n á sun ún. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Jíjẹrà ló ń bí gáàsì ààtàn, iná sì máa ń ba nǹkan jẹ́ fún un ni.

Bí èèpo iṣu, ewé àti oúnjẹ tó ti kan bá ṣì wà lókè, afẹ́fẹ́ ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Tí ọkọ̀ bá da òmíràn lé wọn lórí, tí katakata sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ á tán nísàlẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí kì í lo afẹ́fẹ́ á wá gba ibẹ̀. Àwọn ló ń sọ pàǹtí di gáàsì: nǹkan bí ìdajì rẹ̀ jẹ́ methane, èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù sì jẹ́ kábọ́nì dayọ́ksáìdì.

Láti kó o jọ, wọ́n á gbẹ́ kànga sínú òkìtì pàǹtí, wọ́n á ki páìpù oníhò bọ̀ ọ́, wọ́n á fi amọ̀ bo orí ààtàn, ẹ̀rọ á sì máa fa gáàsì jáde. Ibí gan-an ló gba ọgbọ́n. Bí ẹ̀rọ bá fà á díẹ̀ jù, gáàsì á gba ẹ̀gbẹ́ sá lọ. Bó bá fà á jù, á fa afẹ́fẹ́ òkè wọlé, iná sì lè ràn nínú ikùn ààtàn. Ìdí nìyí tí òṣìṣẹ́ fi ń ti orí kànga kan bọ́ sí òmíràn, tó ń wọn ọ́síjìn inú páìpù, tó sì ń yí fáàfù díẹ̀díẹ̀. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ sẹ́ gáàsì náà, torí pé èròjà kan láti inú ọṣẹ irun àti ìpara tí a ń dà nù máa ń di lẹ́búlẹ́bú funfun tó ń ha inú ẹ́ńjìnnì.

Ìlú Durban ní South Africa bẹ̀rẹ̀ sí í fi gáàsì ààtàn ṣe iná mànàmáná ní 2006. Ní ààtàn Bisasar Road, ẹ̀rọ tí wọ́n gbé síbẹ̀ tó nǹkan bíi mẹ́gáwáàtì 6.5.

Ìyẹn kéré lójú àìní Èkó, nítorí náà mi ò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni fi gáàsì Olúsosùn ṣèlérí iná fún aráàlú. Láti 1992 ni wọ́n ti ń da pàǹtí síbẹ̀. Oúnjẹ ló pọ̀ nínú pàǹtí wa, ooru sì ń mú kó tètè jẹrà. Ó ṣeé ṣe kí gáàsì púpọ̀ ti lọ. Iná ńlá tó jó níbẹ̀ ní 2018 náà kò ràn án lọ́wọ́. Síbẹ̀, láàárín 100 ọdún, methane ń mú ayé gbóná tó nǹkan bí ìlọ́po 28 ti kábọ́nì dayọ́ksáìdì. Kíkó o jọ kí wọ́n sì dáná sun ún lásán pàápàá sàn ju kó máa tú sáfẹ́fẹ́ lọ. Títi ààtàn pa kò ní kí àwọn kòkòrò náà ṣíwọ́, wọ́n á ṣì ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ìjọba gbẹ́ kànga, kó wọn ohun tó kù, kó sì fi iye rẹ̀ han aráàlú kó tó da erùpẹ̀ bò ó.